Packet Tracer fún ẹni tó ń kọ́ static route: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, ẹni tó bá ń kọ́ static route (ọ̀nà téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ fún ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti nẹ́tíwọ̀kì kan sí òmíràn) àti default route (ọ̀nà tí ráútà ń gbà tí kò bá mọ òmíràn), kó má tíì náwó sórí ráútà kankan. Packet Tracer ti Cisco, ètò tó ń ṣe bíi ráútà lórí kọ̀ǹpútà, tó o, ọ̀fẹ́ ni, kéèyàn ṣáà ní àkáǹtì lọ́dọ̀ Networking Academy wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Linux, lórí Mac.

Simulation mode ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá ping (ìyẹn kẹ́ ẹ fi pákẹ́ẹ̀tì, ìdì dátà kékeré, ránṣẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ kan máa fèsì) látorí ráútà gidi tí kò lọ, dọ́ọ̀tì márùn-ún ló máa tò sílẹ̀ fún yín, ó parí, ẹ lọ wá ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ fúnra yín. Níbí, pákẹ́ẹ̀tì á di àpòòwé kékeré kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì, á sún dé ráútà tó kàn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á tún sún, tó bá kú sọ́nà ẹ máa rí ibi tó kú sí, tẹ́ ẹ bá sì tẹ àpòòwé yẹn gan-an á sọ ìdí tí ráútà fi jù ú nù. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà pákẹ́ẹ̀tì débi tó ń lọ o, èsì ni kò rọ́nà bọ̀. Ká ní ráútà R1 ní nẹ́tíwọ̀kì 192.168.1.0, ráútà R2 ní 192.168.2.0, tí 10.0.0.1 (ti R1) àti 10.0.0.2 (ti R2) wà láàárín wọn. Ẹ tẹ èyí sórí R1:

ip route 192.168.2.0 255.255.255.0 10.0.0.2

Ẹ wá ping látorí kọ̀ǹpútà tó wà ní 192.168.1.0 lọ sí èyí tó wà ní 192.168.2.0. Ẹ wò ó, àpòòwé á lọ wẹ́rẹ́, á wá dé R2 nígbà àbọ̀, R2 ò mọ 192.168.1.0 rí, ó parí nìyẹn. Àfi kẹ́ ẹ fún R2 náà ní tiẹ̀, tó máa tọ́ka sí 10.0.0.1.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni pé kẹ́ ẹ fún ráútà méjèèjì ní default route, ip route 0.0.0.0 0.0.0.0, kí kálukú wọn máa tọ́ka sí ìkejì, kẹ́ ẹ wá ping 8.8.8.8. Háà! R1 á jù ú sí R2, R2 á jù ú padà sí R1, títí TTL (iye ráútà tí pákẹ́ẹ̀tì lè kọjá kó tó kú) á fi tán. Kò sẹ́ni tó rí ìyẹn lójú tó máa tún fi default route ṣeré.

Show ip route, kọmáǹdì tó ń fi table àwọn ọ̀nà tí ráútà mọ̀ hàn, náà ń ṣe bó ṣe yẹ, S fún static, S* fún default, "Gateway of last resort is not set" á sì yí padà tẹ́ ẹ bá ti fi default sí i. Floating route (ọ̀nà àpamọ́) náà ń ṣiṣẹ́, ẹ fi 200 sí ìparí kọmáǹdì, kò ní yọjú nínú table títí dìgbà tí èyí àkọ́kọ́ bá já, torí 1 ni static lásán ń ní, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré jù ni ráútà sì ń mú. Tí dọ́ọ̀tì kan bá ṣáájú nínú ping àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, ARP ni, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́kọ́ wá àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ tó kàn.

Ibi kan wà tẹ́ ẹ ti lè kọ Network, Mask àti Next Hop kẹ́ ẹ tẹ Add láì mọ kọmáǹdì kankan. Ẹ fi sílẹ̀ jàre, CLI, ibi tí wọ́n ti ń tẹ kọmáǹdì, ni kẹ́ ẹ lò.

Máàkì ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan torí kì í ṣe IOS gidi (sọ́fútúwià inú ráútà Cisco) ló wà nínú ẹ̀, kọmáǹdì míì wà tí kò gbà rárá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo ẹ̀ pátá, kó lọ wo GNS3, ètò míì tó lè lo IOS gidi, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló máa wá image (fáìlì IOS) tó máa lò, kọ̀ǹpútà ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára díẹ̀.