Èédú tí mo rà l'Ọjọ́ta, àti ìyá tó wà nídìí òṣùwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Efinrin tí mo rẹ sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle, mọ́ tónítóní, àfi pé àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo da èédú tí wọ́n tà fún mi sí i pé kó fa àwọ̀ ewé náà kúrò. Nígbà tí mo sẹ́ ẹ tán, ó dúdú bíi tàdáwà. Mo tún un sẹ́. Dúdú. Mo to bébà asẹ́ lé ara wọn, mo fa pọ́ǹpù títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Dúdú náà ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ: ìpara ni mò ń pò nílé, fún ara mi àti ọ̀rẹ́ díẹ̀. Ethanol kì í yan nǹkan. Ohun tó bá bá nínú ewé ló ń fà jáde, chlorophyll, ìyẹn ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀, sì wà lára rẹ̀. Bí ìyẹn bá wọ inú ìpara funfun, kì í dúró lójú kan. Ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́, á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fẹ́ fi para mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra àrọ Büchner (àrọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tó ní ihò wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tẹ́ bébà asẹ́ sí), ìgò rẹ̀ tó ní imú lẹ́gbẹ̀ẹ́, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, bébà asẹ́ àti activated charcoal, ìyẹn èédú tí wọ́n ṣe kó lè máa fa nǹkan mọ́ra, ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta. N ò ní dárúkọ wọn.

Mo bi ọmọkùnrin tó wà ní kántà pé èédú wo ló ń fa àwọ̀ ewé. Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Aunty, èédú ni èédú, mà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Inú àpò tí wọ́n ya àgbọn sí lára ló ti wọ̀n ọ́n fún mi.

Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní kí n gbọn ìgò náà dáadáa. Mo ní mo ti gbọ̀n ọ́n. "Ẹ tún un gbọ̀n, mà." Mo tún pè, ó wá ní ethanol mi ni kò dára, pé ó ní láti jẹ́ pé omi ti wọ̀ ọ́. Ethanol tí òun fúnra rẹ̀ tà fún mi! 96% ló wà lára kẹ́ẹ̀gì náà gbàgàdà.

Mo gbé ìgò mi, ó di Ọjọ́ta. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù jáde sí mi, kò tiẹ̀ wo ohun tí mo gbé lé kántà. "Ọjà tí ẹ bá ti já, a kì í gbà á padà, mà. Ó wà lára ògiri." Mo wo ara ògiri. Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo ní mi ò wá gba owó, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo wá bèèrè. Ó ní òun kì í ṣe tíṣà.

Ibi tí mo ti ń gbaná jẹ lọ́wọ́ ni ìyá kan ti dìde láti ìdí òṣùwọ̀n lẹ́yìn. "Ewé kí ni, ìyàwó?" Mo ní efinrin ni, mà. Wọ́n ṣí ìgò, wọ́n fi ọwọ́ fẹ́ òórùn rẹ̀ sí imú díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí ọmọkùnrin yẹn. "Ṣé kì í ṣe èyí tó wà fún omi lo wọ̀n fún aunty yìí?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Wọ́n kọ́kọ́ lé ẹni tó ń fi gáàsì se núdù jáde, torí oru ethanol ń gbaná nínú yàrá lásán. Wọ́n tẹ́ bébà sínú àrọ, wọ́n fi ethanol rin ín, wọ́n fi ìka méjì tẹ etí rẹ̀ yí po. Wọ́n po diatomaceous earth, ìyẹ̀fun funfun kan báyìí tó ń dí eruku lọ́nà, mọ́ ethanol, wọ́n dà á lé bébà títí ó fi nípọn tó ìbú ìka. Ethanol lásán ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó gbà á kọjá. Ìgbà tí èyí tó ń kán mọ́ ni wọ́n tó rọra da tèmi sí i láti orí ṣíbí, kí ìyẹ̀fun náà má bàa ṣí. Èyí tó kọ́kọ́ kán ṣì ṣú, wọ́n dà á padà sókè.

Dúdú lọ. Àwọ̀ ewé wà níbẹ̀ digbí. "Ṣé o rí i? Èédú yẹn ò tíì mú nǹkan kan."

Bébà tí wọ́n tà fún mi, ihò rẹ̀ tó micron 11 (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà); eruku èédú kéré sí ìyẹn. Èédú èèpo àgbọn ní tirẹ̀, ihò inú rẹ̀ ti há jù. Chlorine inú omi lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n chlorophyll, tí molecule rẹ̀ tóbi, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sí 893, kò ráyè wọlé. Activated charcoal tí wọ́n fi igi ṣe ni ihò rẹ̀ fẹ̀ tó. Ìyá fi òṣùwọ̀n wọn díẹ̀ sí i, a dúró, a tún un sẹ́ lórí ìyẹ̀fun, ó jáde ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀gá ní kí n sanwó èédú tuntun. Ìyá ní kò sówó kankan. Mo fi owó mi ra ìyẹ̀fun, inú mi sì dùn.

Àrọ náà dára. Rọ́bà ọrùn ìgò máa ń yọ, àfi kéèyàn dì í mú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, ìyá pàápàá kò sọ ọ́. Thymol tó wà lára ohun tó ń mú efinrin ta sánsán, èédú ń fa òun náà mọ́ra. Ìpara mi funfun nini báyìí, ẹ fi para, ẹ ò ní mọ̀ pé efinrin wọ ibẹ̀. Mo ti wá dín èédú kù sí gíráàmù 10 fún lítà kan, mo gbà kí àwọ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù. Mo sì ń fi ewé àti ethanol sínú fírísà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó pò wọ́n, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú rẹ̀. Chlorophyll tó ń jáde báyìí kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin kántà ò tíì tọrọ àforíjì. Kàlẹ́ńdà ṣì wà níbi tó wà.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Ẹ má dúró ní kántà, ẹ gba ẹ̀yìn lọ bá ìyá. Wọn kì í wá ní ọjọ́ Ẹtì.