Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń gba lẹ́ǹsì rangefinder tún ṣe ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè àti gbogbo agbègbè wa tí ẹ ṣì ń lo kámẹ́rà onífíìmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé kámẹ́rà yín fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nígboro Àkúrẹ́ tó ń polówó lórí WhatsApp pé òun ń fọ lẹ́ǹsì tó ti bu, òun sì ń ta èyí tí ẹ lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni. Lẹ́ǹsì dáadáa ló ń gbà lọ́wọ́ yín, òkú lẹ́ǹsì ló ń dá padà, ẹ ó sì tún sanwó iṣẹ́ lé e lórí.

N kò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kì í pẹ́ yí padà lọ́wọ́ irú wọn.

Rangefinder, irú kámẹ́rà kan tí kì í ṣe inú lẹ́ǹsì lẹ ti ń wòran, ló gbájú mọ́, ó sì nídìí. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà SLR sójú, inú lẹ́ǹsì gan-an lẹ ń wò, torí dígí kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí wá bá yín. Rangefinder kò rí bẹ́ẹ̀. Fèrèsé kékeré kan wà lókè lẹ́ńsì, òun lẹ ń yọjú gbà. Àwòrán méjì á hàn láàárín rẹ̀, ẹ ó máa yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì á fi bọ́ sórí ara wọn, ẹ ó wá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ǹsì ìbáà bu, ìbáà fọ́, kódà kí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, inú fèrèsé yẹn á mọ́ kedere. Ohun tó fi ń mú èèyàn nìyẹn. Á gbé kámẹ́rà lé yín lọ́wọ́, á ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé e sójú, ṣé kò mọ́?" Ó mọ́ lóòótọ́, fèrèsé ló mọ́. Ẹ ó sanwó, ẹ ó máa lọ. Ó di ìgbà tí ẹ bá lo fíìmù oní-fótò 36 tán, tí wọ́n bá yín gbé e dé Èkó lọ fọ̀, kí ẹ tó rí i pé gbogbo rẹ̀ ló ṣe bàìbàì. Nígbà yẹn, ẹ̀rí wo lẹ fẹ́ mú lọ bá a?

Ẹni tí tirẹ̀ dùn mí jù ni bàbá kan ní Òkè-Àró, tó ti ń ya fótò kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé. Zorki-4 ni kámẹ́rà bàbá, èyí tí wọ́n ṣe ní Krasnogorsk lẹ́bàá Moscow láàárín 1956 sí 1973. Lẹ́ǹsì Jupiter-8 ló wà lórí rẹ̀, 50 mílímítà, tí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣí dé f/2, ìyẹn ibi tó fẹ̀ dé jù. Kò sí àléébù lára rẹ̀ ju kùrukùru funfun díẹ̀ nínú gíláàsì lọ. Gíríìsì àtijọ́ ló sábà máa ń fa ìyẹn, ẹni tó mọ iṣẹ́ á tú u, á nù ún, ó parí. Ọkùnrin yìí gba ₦40,000, ó sì gbé lẹ́ǹsì lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tó dá a padà, bàbá fi ya ìkómọ, kò sì sí ẹyọ fótò kan tó já gaara. Wọ́n pè mí. Mo lọ́ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà, mo ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé f/2, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, mo sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kọjá kùrukùru. Lẹ́ǹsì náà ti bu, ó ti hù bíi jàǹkárìwọ̀ láti etí gíláàsì wá sí àárín, àwọn ibì kan sì wà tó ti jẹ àwọ̀ aláró tí wọ́n fi bo gíláàsì náà kúrò. Ojú iwájú kún fún àpá róbótó-róbótó, irú èyí tí aṣọ líle máa ń fà. Bàbá pè é, ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, òjò ọdún yìí ló bà á jẹ́." Òjò wo? Èyí tó ti jẹ gíláàsì dé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà gbogbo ohun èlò wọn sí láti ìgbà èwe. Wọ́n ṣí i. Nọ́ńbà tó wà lójú lẹ́ǹsì tó dá padà yàtọ̀ pátápátá sí tinú ìwé.

Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí kò tíì tán síbẹ̀. Ó ní kí bàbá má ṣèyọnu, òun ní lẹ́ǹsì mìíràn tó bá Zorki mu, ₦70,000 péré. Ó gbé e wá, ó lọ́ ọ wọlé, ó sì wọlé ṣinṣin. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà Zenit ni! Àwọn Zenit àkọ́kọ́ àti Zorki, ojú ìlọ́ 39 mílímítà kan náà ni wọ́n ń lò, ìdí nìyẹn tó fi ń wọlé. Ṣùgbọ́n SLR ni Zenit. Wọ́n ṣe lẹ́ǹsì rẹ̀ kó jìnnà sí fíìmù ní 45.2 mílímítà, nígbà tó jẹ́ pé 28.8 ni ti Zorki. Bí ẹ bá fi í sórí rangefinder, ó ti sún mọ́ fíìmù jù, kò sí bí ẹ ṣe lè yí i tí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á fi hàn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní òrùka ẹ̀yìn tó ń ti apá kékeré inú kámẹ́rà, èyí tó ń mú àwòrán inú fèrèsé rìn. Ẹ yí lẹ́ǹsì kí ẹ sì máa wo inú fèrèsé. Bí àwòrán méjèèjì bá dúró gbagidi, tí wọn kò rìn, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ó tún máa ń sọ fún àwọn tó ní rangefinder bíi Canonet tàbí Yashica Electro 35 pé òun á "yọ lẹ́ǹsì, òun á fi tuntun sí i." Lẹ́ǹsì àwọn yẹn kì í yọ. Ara kámẹ́rà ni wọ́n kàn án mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní láti tú òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an.

Ti "Leica" (kámẹ́rà Jámánì olówó ńlá) aláwọ̀ góòlù tó ń gbé kiri, tí wọ́n fín àmì ológun Jámánì sí, kámẹ́rà Soviet bíi FED tàbí Zorki ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe wọn. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ wo apá kékeré inú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ róbótó ló wà lórí ti Leica gidi tó ń lo ojú ìlọ́ 39 mílímítà yìí. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣóńṣó, gbàrọgùdù ni.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́ǹsì, ẹ ya nọ́ńbà ojú rẹ̀. Ẹ ya inú gíláàsì náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, níwájú àti lẹ́yìn, torí òrùka tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ ṣeé yọ sórí lẹ́ǹsì mìíràn. Kí ó buwọ́ lu ìwé pé èyí lòun gbà. Nígbà tó bá dá a padà, ẹ má gbà á lálẹ́, ẹ má sì gbà á ní gáréèjì níbi tí mọ́tò ti fẹ́ gbéra. Ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù. Bó bá jẹ́ Canonet, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù nínú rẹ̀, ẹ gbé ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀) sí B, èyí tó ń jẹ́ kó wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ dé òpin, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà nínú Jupiter-8 tó ń mú gíláàsì dúró sí ìwọ̀n rẹ̀. Bí atúnṣe bá sọ ọ́ nù, lẹ́ǹsì á mọ́ tónítóní, fótò kò sì ní já gaara. Ẹ ṣí ẹ̀yìn Zorki, ẹ na tracing paper sójú ibi tí fíìmù ń gbà, ẹ di ṣọ́tà mú ní B, ẹ kọjú rẹ̀ sí másìtì kan tó jìnnà, kí lẹ́ǹsì wà ní òpin ọ̀nà jíjìn àti f/2. Àwòrán másìtì á hàn lórí pépà náà ní ìdojúdé. Ó gbọ́dọ̀ já gaara.

A ṣì ń wá lẹ́ǹsì bàbá. Aláwọ̀ fàdákà ni, wọ́n fi lẹ́tà Rọ́ṣíà kọ Юпитер-8 sójú rẹ̀, 63 ni nọ́ńbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, àpá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 5.6 lójú òrùka ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wá bá yín rà ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó tàbí níbikíbi, ẹ má sanwó. Ẹ yà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin tó ti gba owó lọ́wọ́ yín náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, a nílò rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.