Brown Betty, bone china àbí Yixing: ìkòkò tíì àtijọ́ wo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹ dojú ìkòkò tíì dé kí ẹ tó wo òdòdó ara rẹ̀. Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ti ìkòkò tíì àtijọ́, ìdí rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́ ọjọ́ orí. Oríṣi mẹ́ta tí mo sábà ń bá pàdé lórí tábìlì àwọn tó ń ta àlòkù nílùú Ọba níbí ni mo fẹ́ fi wéra.

Ara wọn

Amọ̀ pupa Staffordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Brown Betty. Ikùn rẹ̀ rí rogodo, awọ dídán tí wọ́n fi bò ó pọ́n dúdú bíi ṣokoléètì, ó sì nípọn lọ́wọ́. Staffordshire náà ni ìdílé amọ̀kòkò Spode ti sọ bone china, irú tánganran kan, di ọjà gidi, nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ. Eérú eegun màlúù tó bí ìdajì ohun tí wọ́n fi pò ó. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ki ìka méjì bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: òjìji ìka yín á yọ sí yín lóde. Ẹ dán an wò lára Brown Betty, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Yixing wá láti ẹkùn Jiangsu ní Ṣáínà. Wọn kì í fi nǹkan dídán bò ó, nítorí náà ara rẹ̀ ń mu tíì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọyì rẹ̀ fi ń ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún irú tíì kan ṣoṣo.

Ọjọ́ orí wọn

Níbí, bone china àtàwọn tánganran Gẹ̀ẹ́sì yòókù ló rọrùn jù. Bí ẹ bá rí àmì tó dà bíi dáyámọ́ńdì inú káàdì, tí IV wà nínú róbótó kékeré tó wà lórí rẹ̀, àárín 1842 sí 1883 ni wọ́n fi orúkọ àwòrán tàbí ìrísí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lẹ́tà ọdún wà lókè títí di 1867. Láti 1868 ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti 1884, “Rd No” pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Ìkòkò náà lè kéré lọ́jọ́ orí ju àmì yìí lọ, ṣùgbọ́n kò lè dàgbà jù ú lọ.

Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1890 pé kí ọjà tó bá wọlé máa jẹ́ orúkọ ìlú tó ti wá, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891. Láti ìgbà náà ni “England” ti gbòde nídìí àwo. “Made in England” sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rúndún ogún. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ọdún 1820 ni wọ́n ṣe é, tí ìdí rẹ̀ sì ń sọ “Made in England”, ẹ kí i kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

Èmi náà ti jìn sí kòtò rí. Mo rí “Wedgwood & Co”, ọkàn mi sáré, mo sanwó kíá. Ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni! Ti Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò Gẹ̀ẹ́sì olókìkí, kì í ní “& Co” yẹn. “Wedgewood” tó ní e láàárín kì í ṣe tirẹ̀ náà.

Brown Betty kì í sábà ní àmì kankan, nítorí náà ẹ má sanwó ọjọ́ orí lé e. Yixing ló le jù nínú gbogbo wọn: òǹtẹ̀ ẹni tó mọ ọ́n wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ àwọn amọ̀kòkò olókìkí. Èmi ò lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n náà. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó já owó orí tíì wálẹ̀ ní 1784, láti 119% sí 12.5%, ọjà olówó ni tíì, àwọn ìkòkò rẹ̀ sì kéré. Bàǹtù-banta tí wọ́n bá pè ní ti 1750 ń fẹ́ ìbéèrè.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi èékánná ta á. Èyí tó pé á ró gan-an-an bí agogo. Èyí tó ti sán á dún pò. (Amọ̀ Brown Betty kì í ró bíi bone china, ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́bi.) Ẹ yí ìdérí rẹ̀ ká lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìdérí àyálò pọ̀ lọ́jà.

Ìtọ́jú

Ẹ má gbé bone china olómi wúrà sínú máíkírówéèfù tàbí ẹ̀rọ ìfọwo. Bí tíì bá ti dá àbàwọ́n sínú rẹ̀, ẹ fi omi po sódà ìyẹ̀fun (baking soda) díẹ̀ kí ẹ fi ra á. Ẹ má fi bílíìsì sí i, torí ó ń wọ inú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara àwo. Yixing kò fẹ́ ọṣẹ rárá, omi gbígbóná nìkan, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ. Awọ dídán ayé àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, nítorí náà Brown Betty tuntun ni mo fi ń se tíì. Ti àtijọ́ wà lórí pẹpẹ.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé ní Nàìjíríà, ẹ má fi ìdérí sórí rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nípọnnípọn ni mo fi ń wé tèmi lọ́tọ̀, màá sì ki aṣọ kékeré kan bọ inú ìkòkò náà.