Tẹ́ńpìlì Keshava ní Somanathapura: ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ògiri kí ẹ tó gbójú sókè

Ẹni tó bá ti ìlú Thanjavur ní gúúsù Íńdíà bọ̀ lè kọ́kọ́ fojú kéré tẹ́ńpìlì Keshava (orúkọ òrìṣà Vishnu) yìí. Lọ́hùn-ún, Rajaraja Kìíní ti ìdílé Chola fi gíráníìtì gbé ilé-ìṣọ́ tẹ́ńpìlì tó ga tó nǹkan bí 60 mítà dìde ní 1010. Somanathapura, tó tó kìlómítà 35 sí ìlú Mysuru ní gúúsù Íńdíà kan náà, kò ga rárá. Ọ̀gágun ọba Narasimha Kẹta ti ìdílé Hoysala, Somanatha, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá.

Òkúta ló fa ìyàtọ̀. Òkúta rírọ̀ ni ti Hoysala, ó bá èyí tí wọ́n fi gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ nílé wa tan. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á, irin ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i pẹ́, á le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí ìlẹ̀kẹ̀ gbẹ́ débi pé ó yọ kúrò lára ọrùn ère, tí òjìji bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò lára gíráníìtì, á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gun pèpéle tó ṣe kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí ìràwọ̀, kí ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹni tó bá jẹ́ kí ògiri wà lọ́wọ́ òsì, òpin ìtàn ló máa kọ́kọ́ bá: Ramayana, ìtàn ńlá ẹ̀sìn Híńdù, wà ní gúúsù, ìgbésí ayé òrìṣà Krishna lẹ́yìn, Mahabharata, ìtàn ńlá kejì, ní àríwá. Ọ̀já mẹ́fà ló wà nísàlẹ̀ ògiri: erin, ẹlẹ́ṣin, ewé tó lọ́ mọ́ra, ìtàn, ẹranko omi tí wọ́n ń pè ní makara, àti hamsa, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá, lókè pátápátá. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ère ńlá tó wà lókè ọ̀já yìí dáadáa. Àwọn tó gbẹ́ wọn kọ orúkọ síbẹ̀, ti Mallitamma ló sì pọ̀ jù.

Inú ṣókùnkùn. Iná fóònù máa ń tàn ká, kì í kan òkè; tọ́ọ̀ṣì gidi ni kẹ́ ẹ mú, torí àjà 16 ló wà níbẹ̀, òmíràn rí bí òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì là. Àwọn òpó rèé, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti yí wọn, ẹ máa rí òrùka tó yí wọn ká.

Àléébù kan wà: ère Keshava ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti sọnù, èyí tó wà níbẹ̀ wọ́n fi dípò ni, wọn kì í sì í bọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń wá agogo àti tùràrí, kó gba Belur lọ, tẹ́ńpìlì Hoysala mìíràn tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Àmọ́ ilé-ìṣọ́ orí tẹ́ńpìlì Belur àti ti Halebidu, Hoysala náà ló kọ́ ọ, ti wó lọ, ilé-ìṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ibí ṣì pé. UNESCO kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2023. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ lè dé, ibí ni mo máa ní kẹ́ ẹ wá.

Ẹ dé láàárọ̀. Ọ̀sán gangan, pèpéle ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, oòrùn orí a sì máa pa òjìji ère rẹ́.