Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń gbọ̀n ní Abuja, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta brain box

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Kubwa, Nyanya, Lugbe àti gbogbo agbègbè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní brain box ọkọ̀ yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ló bàjẹ́.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lo Corolla 2006. Tí ọkọ̀ náà bá ti dúró síbi iná pupa, á máa gbọ̀n jìgìjìgì, ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ tọ́tù, ara ẹ́ńjìnì á balẹ̀. Wọ́n júwe ọkùnrin kan tó ń ta páàtì ní Apo fún un. Ọmọ Yorùbá ni. Ó ń pe arábìnrin yìí ní "ẹ̀gbọ́n mi", ó béèrè ìlú rẹ̀, ó ní ìyá òun náà ti apá ibẹ̀ wá. Kò so síkánà kankan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí ọkọ̀ kọ sílẹ̀, mọ́ ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní brain box ti lọ. ₦180,000 ló gbà lórí tòkunbọ̀ kan.

Nígbà tí wọ́n tú orí bátìrì láti pààrọ̀ rẹ̀, iná check engine kú, ó wá dà bíi pé iṣẹ́ ti jẹ́. Tẹ́ ẹ bá tú orí bátìrì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á gbàgbé àṣìṣe tó ti kọ sílẹ̀, iná náà ò sì ní padà títí ẹ ó fi wa ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n, ọkùnrin náà ní brain box tuntun ń kọ́ ìṣe ọkọ̀ lọ́wọ́ ni. Iná padà tàn. Ó tún béèrè owó, ó ní ó ku kí òun ṣe programming.

Mẹkáníìkì mìíràn ní Kugbo ló so síkánà mọ́ ọn. Nọ́ńbà àṣìṣe P0171 ló jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì. Ó wá a títí, ó bá họ́ọ̀sì PCV (rọ́bà tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnì padà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé) tó ti sán lábẹ́ intake, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Rọ́bà kékeré báyìí! Ooru ti gbẹ ẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí a padà lọ béèrè brain box tó kọ́kọ́ wà nínú ọkọ̀, ọkùnrin náà ní òun ti jù ú nù. Èmi ò gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó ń ta páàtì tó máa ju brain box tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù. Inú ń bí mi gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí èdè wa ló fi mú un.

Ohun tó ń jẹ́ kí irọ́ wọn wọlé ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2010, Toyota fúnra wọn pe Corolla àti Matrix 2005 sí 2008 tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nítorí brain box. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wọlé síbí sì ti Amẹ́ríkà wá. Ṣùgbọ́n àmì tiwọn ni pé ọkọ̀ lè kọ̀ láti stáàtì, tàbí kó kú lójú ọ̀nà, tàbí kí jíà máa wọlé pẹ̀lú agbára. Kí ọkọ̀ kàn máa gbọ̀n ní sílò, nígbà tó dúró tí ẹ ò tẹ tọ́tù, kò tó láti dẹ́bi fún brain box.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n so síkánà mọ́ ọn lójú yín, kí ẹ sì ya fọ́tò ohun tó bá kọ. Tó bá jẹ́ P0302, sílíńdà kejì ni kò jó dáadáa. Kí wọ́n gbé kọ́ìlì rẹ̀, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, sórí sílíńdà kẹrin, kí wọ́n fi ti kẹrin sípò rẹ̀, kí wọ́n pa àṣìṣe rẹ́, kí wọ́n wa ọkọ̀ díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí sí P0304, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, kí wọ́n yẹ plọ́ọ̀gì àti ínjẹ́kítọ̀ tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnì wò. Tó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ rpm dúró sójú kan ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ń gbọ̀n tẹ́ ẹ bá wà ní D, tó sì dínkù tẹ́ ẹ bá bọ́ sí N, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síìtì ẹ́ńjìnì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, ló ti rọ̀. Throttle body (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù) tó dọ̀tí náà lè mú kí ọkọ̀ gbọ̀n, fífọ̀ lásán ló ń fẹ́.

Kí ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò bébà tó wà lára brain box. Ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661. Páàtì tí wọ́n bá yọ, tiyín ni, ẹ gbà á padà kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ sì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ páàtì sí. Arábìnrin wa kò gbà á, ohun tó sì ń dà á láàmú báyìí nìyẹn bó ṣe fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, tó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi, kí a lè jọ lọ.