Wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n fi méjì sílẹ̀

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn tí mo lọ.

Ọwọ́ wọn yá gan-an lóru tí àyà fún mi pinpin. Láti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé. Wọ́n fi fèrè (bàlúùnù) kékeré fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó dí, wọ́n sì fi stent, àwọ̀n irin bíńtín, gbé e dúró. Ojú mi là kedere. Mò ń wo ẹ̀jẹ̀ mi bó ṣe ń ṣàn lójú ẹ̀rọ. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Àṣé kò tíì parí! Inú ìwé ìlọsílé ni mo ti kà á pé iṣan méjì mìíràn ṣì há. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ méjì ti bọ́.

Mo fi ìbínú padà lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni dókítà wí. Ó sọ ti ìwádìí COMPLETE ọdún 2019 fún mi: aláìsàn 4,041 tí ìkọlù ọkàn ti bá, tí iṣan tó há lára wọn ju ọ̀kan lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ikú àrùn ọkàn tàbí ìkọlù tuntun bá ìdá 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ fún, ó sì bá ìdá 10.5 àwọn tí wọ́n ṣí èyí tó fa wàhálà nìkan fún.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ṣe méjì tó kù. Kò dùn mí, àfi rọ́bà tí wọ́n fi fún ọrùn ọwọ́ mi pinpin lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà, tí nọ́ọ̀sì ń rọra tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.