PHPMailer fún fọ́ọ̀mù orí ìkànnì: ohun tí mo rí nínú lílò rẹ̀

Bí oníbàárà bá kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù orí ìkànnì yín, PHPMailer, àkójọ kóòdù tí a fi èdè PHP kọ fún fífi ímeèlì ránṣẹ́, ni mo máa ní kí ẹ fi gbé e wá sínú ímeèlì yín. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 2001, òun náà sì ni WordPress ń lò lábẹ́lẹ̀.

Àṣẹ mail() tó wà nínú PHP fúnra rẹ̀ rọrùn lóòótọ́, àmọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bó bá dá "true" padà, kò ju pé server (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì yín) ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Bóyá ó délé, kò mọ̀. Mo bá alásè kan ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ìnáwó fún un pé "Ẹ ṣé, a ti rí i", inú spam sì ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ta ló fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀ tí á máa dúró de alásè tí kò dáhùn? Ó dùn mí fún un.

PHPMailer máa ń gba ọ̀nà SMTP (ìlànà tí a fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́) wọ inú àkáǹtì ímeèlì yín pẹ̀lú orúkọ àti password, ní port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà server) 587 tàbí 465. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí:

$mail->setFrom($adiresi_wa);
$mail->addReplyTo($adiresi_onibara);

Àdírẹ́sì oníbàárà ni ọ̀pọ̀ ń fi sí setFrom. Lẹ́tà á wá máa pe ara rẹ̀ ní ti ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, SPF àti DMARC, àwọn àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá lóòótọ́ ni lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun fi í ránṣẹ́ wá, kò sì ní gbà fún un. Ẹ fi tiyín síbẹ̀, kí ti oníbàárà wà ní addReplyTo. Bí ẹ bá tẹ "Reply", ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èsì ń lọ tààrà. Ìgbà tí a ṣe é báyìí ni lẹ́tà alásè náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá, ẹ má gbàgbé ìlà tó ń sọ irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́: $mail->CharSet = 'UTF-8'; Láìsí i, "ẹja" lè di "áº¹ja" lójú yín.

PHPMailer kò lè dá bọ́ọ̀tì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kún fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀) dúró o. Ẹ̀yin lẹ máa fi àpótí tí ojú ènìyàn kò rí sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì da fọ́ọ̀mù èyíkéyìí tó bá ní nǹkan nínú àpótí yẹn nù. Gmail náà á béèrè app password (password ọ̀tọ̀ fún ètò kan ṣoṣo) oní-lẹ́tà 16, èyí tí ẹ kò lè rí gbà àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ tan 2-Step Verification (ìjẹ́rìí onípele méjì). Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀dà àtijọ́ PHPMailer. Ní December 2016 ni wọ́n tú àṣírí ihò kan tí ènìyàn lè gbà láti inú àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ pàṣẹ fún server, ẹ̀dà 5.2.20 ló dí i tán. Bí tiyín bá dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ẹ fi Composer (irinṣẹ́ tó ń gba àkójọ kóòdù PHP wálé) gba tuntun: composer require phpmailer/phpmailer.